Ọdún Méjì Nínú Ife Méjì

Òkúta ni mo kọ́kọ́ rí ní Saint-Julien, abúlé kan ní agbègbè ìlú Bordeaux, nílẹ̀ Faransé. Òkúta wẹ́wẹ́, róbótó bí ẹyin ẹyẹlé, inú rẹ̀ ni wọ́n gbin àjàrà sí. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó, mo bi ara mi pé kí ló fẹ́ hù níbí. Bàbá olóko tó gbà wá lálejò ní ibẹ̀ gan-an ló dáa: omi òjò kì í dúró, ooru ọ̀sán sì máa ń wà nínú òkúta títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Oṣù kẹsàn-án ni, ìkórè ku díẹ̀. Bàbá gbé ife méjì síwájú wa. Oko kan náà, ọwọ́ kan náà ló ṣe wáìnì méjèèjì. Ọdún ló yàtọ̀. Ti 2013 pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kan létí ahọ́n, ó sì ń rùn bí ata tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ti 2016 dúdú bí aró. Ó kọ́kọ́ mú ahọ́n mi gbẹ bí ẹni jẹ obì, kí adùn rẹ̀ tó wá ń yọ díẹ̀díẹ̀, kò sì tètè kúrò lẹ́nu.

Bàbá ní ojú ọjọ́ ni. Lọ́dún 2013, oṣù kẹfà tí àjàrà ń tanná, òjò àti òtútù gbọn ọ̀pọ̀ òdòdó dànù. Ìwọ̀nba èso tó kù ò gbó dáadáa, ó tún fẹ́ máa jẹrà, ni wọ́n bá yára ká a. 2016 náà fi òjò bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ojú ọ̀run gbẹ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Igi ń fi gbòǹgbò wá omi tí òjò ìṣáájú fi pamọ́ sísàlẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn. Èèpo yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ àti agbára wáìnì pupa ti ń wá. Òtútù alẹ́ ò jẹ́ kí kíkan rẹ̀ pòórá. Wáìnì tí kò kan rárá a máa sú èèyàn. Láàárín oṣù kẹsàn-án, òjò díẹ̀ rọ̀, ó tu igi lára, irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Cabernet Sauvignon sì ráyè gbó wọ oṣù kẹwàá.

Nígbà tí a wọ oko, mo rí àbàwọ́n búlúù lára ewé. Mo fọwọ́ pa á. Mo mọ̀ ọ́n! Ìyẹ̀fun búlúù tí wọ́n ń pò mọ́ ẹfun, tí bàbá mi fi ń fín kòkó nígbà tí òjò bá pọ̀ tí èso ń dúdú lórí igi. Àṣé ibí ló ti wá. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ Saint-Julien ló ń wọ́n ọn sára àjàrà ẹ̀bá ọ̀nà kí olè má baà ká a. Ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet ti Bordeaux wá ṣàkíyèsí pé àrùn tí ọ̀rinrin ń mú gbilẹ̀ ò mú àwọn igi yẹn, ó sì kéde rẹ̀ ní 1885. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rántí ọwọ́ bàbá mi.

Bàbá olóko já èso kan, ó jẹ ẹ́, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi. Ó ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ létí.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan," ló wí, ó sì gbójú sókè wo ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkun wà.

Lóru, mo gbọ́ tí òjò ń kán sára fèrèsé mi ní Bordeaux. Mo dìde jókòó.