Aràn tí kò lẹ́nu tó ń jẹ egungun

Alẹ́ àná, mo ń họ egungun ẹran lọ́wọ́ nílé wa ní Ọ̀ffà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi na fóònù sí mi: "Àǹtí, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹ ẹ́!"

Osedax lorúkọ wọn. Ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí wọn nísàlẹ̀ òkun California, lára òkú àbùùbùtán. Ìyẹ́ wọn pupa fòò. Wọn ò lẹ́nu, wọn ò nífun. Gbòǹgbò ni wọ́n ń ta wọnú egungun, wọ́n á fi ásíìdì yọ́ ọ, bakitéríà inú gbòǹgbò náà á sì bá wọn sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ti àwọn akọ ló jẹ́ kí n gbé egungun ọwọ́ mi sílẹ̀. Tíntìntín ni wọ́n, inú ọ̀pá tí abo ń gbé ni wọ́n kóra jọ sí, ọ̀pọ̀ akọ sára abo kan! (Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín o.) Síbẹ̀, ẹ̀yà kan wà tí akọ tirẹ̀ tóbi, tó ń jẹ egungun fúnra rẹ̀.

Wọ́n sì ti pẹ́ láyé ju àbùùbùtán lọ: ojú ihò wọn wà lára egungun ẹranko òkun àtijọ́, ti nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ta ló ti rí fídíò wọn nínú yín?