Kí ẹ tó gún abo ẹṣin yẹn ní abẹ́rẹ́

Púpọ̀ nínú ẹṣin tó ń sáré lórí pápá polo ní Ìkòyí, abo ni. Àwọn tó mọ eré náà dunjú fẹ́ràn abo ju akọ lọ. Wọ́n ní ó yára, ó sì tètè ń gbọ́ràn. Nítorí náà, kí n tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara mi bóyá ọlẹ̀ wà nínú ẹṣin tó dúró níwájú mi. Oògùn tí a fẹ́ fi wo ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ nìkan la rán òun sí. Gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ló ń dé, ilé ọmọ sì wà lára ibẹ̀.

Dókítà ẹranko ni mí. Yábàá ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n apá Ìkòyí àti Lẹ́kkí ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí mò ń tọ́jú wà. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí ilé ẹṣin kan ní Lẹ́kkí. Abo kan ò jẹ́ kí ẹni tó ń kan bàtà ẹṣin fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òun. Mallam tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ra ìgò oògùn tó ń mú ẹṣin rọ̀ sílẹ̀.

“Dókítà, ẹ bá wa gún un, kí iṣẹ́ yá.”

“Mallam, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló wá akọ gbẹ̀yìn?”

Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà wo ojú rẹ̀. “Dókítà, eré la rà á fún, a ò rà á fún ọmọ bíbí.”

Bẹ́ẹ̀, akọ kan wà ní yàrá kejì. Èkó ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Abo ẹṣin ilẹ̀ Yúróòpù máa ń dáwọ́ akọ wíwá dúró nígbà òtútù, nítorí pé ọ̀sán kúrú. Tiwa lè máa wá akọ ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn yípo ọdún. Mo fi ẹ̀rọ skáànì wò ó: oyún bí oṣù méjì ló wà níbẹ̀, ọkàn ọlẹ̀ náà ń lù kíkankíkan.

Ṣé kò wá yẹ kí a gún un mọ́ ni? Ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí oògùn yẹn ń ṣe. Oyún ẹṣin ń lò tó oṣù mọ́kànlá. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í pò mọ́ra. Ara ibi ọmọ, tó tẹ́ káàkiri inú ilé ọmọ, ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọ̀tún àti tòsì ilé ọmọ bá gbé wá ni ọmọ máa rí jẹ. Detomidine àti xylazine, àwọn oògùn tí a fi ń mú ẹṣin rọ̀ sílẹ̀, máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ọwọ́ tẹ rọ́bà omi. Wọ́n tún ń dín ìlù ọkàn kù. Ọkàn ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́ ń lù bí 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yìí, ó lè lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì lè máa fo ìlù kan. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde á dín kù.

Abo tó lágbára, tó mu omi yó, tó gba ìwọ̀n tó yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fara dà á, ọmọ inú rẹ̀ náà á fara dà á. Àwa dókítà ń lò ó fún ẹṣin tó lóyún. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àgúntúngún: ọ̀la bàtà, ọ̀tunla eyín, ọjọ́ kẹta ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e, nínú oòrùn Èkó, láìsí omi tó tó. Mo fi téèpù wọn àyà rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe wúwo tó, mo fún un ní díẹ̀, wọ́n sì kan bàtà náà tán.

Acepromazine, oògùn mìíràn tó ń mú ẹṣin rọ̀ sílẹ̀, yàtọ̀. Òun ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má fún ẹṣin tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, tàbí èyí tó ti ṣòfò ẹ̀jẹ̀. Bí abo àgbà kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ń làágùn, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ sì ti funfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ lè ti bẹ́ sínú. Dókítà ni kí ẹ pè, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni kí ẹ wá.

Èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù ni prostaglandin, tí àwọn kan ń rà láti fi mú kí abo tètè wá akọ. Ibi tí ẹyin ti jáde lára ilé ẹyin máa ń di ẹran kékeré kan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, òun ló ń ṣe progesterone tó gbé oyún ró. Prostaglandin ń pa ẹran kékeré yìí. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á dín kù, progesterone á já wálẹ̀. Bí oyún bá wà ní oṣù kìíní, ó ti lọ nìyẹn. Ẹṣin náà lè làágùn, kí inú máa lọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tó sọnù. Oògùn yìí tún ń gba awọ ara èèyàn wọlé. Obìnrin tó lóyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ikọ́ fée. Mo ti rí ìgò rẹ̀ nínú fíríìjì ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata lílọ̀, inú mi ò sì dùn sí i títí di òní. Altrenogest, tí a fi ń gbé oyún ró, pàápàá fẹ́ ìbọ̀wọ́.

Àwọn oògùn mìíràn wà tó lè gba oyún là. Nígbà tí inú bá ń run ẹṣin tí májèlé kòkòrò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú prostaglandin jáde. Flunixin tí a bá tètè fún un ń dá ìyẹn dúró. Fún ibi ọmọ tó ti kó àrùn, a tún ń lo pentoxifylline, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn geere nínú àwọn iṣan tín-ín-rín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní abo, ẹ kọ ọjọ́ tó wá akọ sílẹ̀. Bí ẹ bá pe dókítà lórí fóònù, ẹ sọ ọjọ́ náà fún un kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ẹ sọ oògùn tó ti gbà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ sọ bó ṣe ń mu omi sí, kí ẹ sì fi àwòrán ìgò tó wà lọ́wọ́ yín ránṣẹ́ sí i.