Ẹ bi aláìsàn léèrè oògùn kó tó mí sí ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àyà nílùú ọba, mo kí yín. Láti ìgbà tí ìlànà ásímà tuntun ti jáde ní Oṣù Kọkànlá 2024 lẹ ti há nọ́ńbà FeNO sórí, ìyẹn ìwọ̀n nitric oxide nínú èémí tí èèyàn mí síta, tó ń tọ́ka sí ásímà bó bá ga: 50 ppb (ìdá nínú bílíọ̀nù kan) sókè fún àgbàlagbà, 35 sókè fún ọmọ ọdún 5 sí 16. Ìyẹn dáa. Àmọ́ mo ń rí i tí ẹ ń ka nọ́ńbà náà láì bi ẹni tó ni èémí léèrè ohunkóhun, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ń ká mi lára.

Èkíní, FeNO ni kó ṣáájú, kí spirometry, àyẹ̀wò tó ń wọn bí èémí ṣe ń jáde tó àti bó ṣe ń yára tó, tó tẹ̀ lé e. Èkejì, ẹ bèèrè sìgá, torí ó máa ń fa nọ́ńbà wálẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ bèèrè ínhélà.

Ẹ̀kẹta yìí ló gbé mi jókòó. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n rán ọ̀dọ́bìnrin kan sí wa. Ó ń wúkọ́ lóru, àyà rẹ̀ ń dún fée. Dókítà àdúgbò ti fún un ní ínhélà sítẹ́rọ́ìdì ṣáájú àyẹ̀wò, ọmọ náà sì ń fà á láàárọ̀ àti lálẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Nígbà tó mí sí ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 20. Dókítà àgbà wa ní kì í ṣe ásímà, kó jáwọ́ nínú oògùn. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé oògùn ló fa nọ́ńbà wálẹ̀: ọ̀nà èémí tó wú ló ń tú nitric oxide sínú èémí, sítẹ́rọ́ìdì sì ń mú wíwú náà rọlẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ bá wí labẹ́ gé, kí nọ́ọ̀sì pe ẹlòmíì wọlé. Kí òtútù ọdún náà tó tán, áńbúláǹsì ló gbé ọ̀dọ́bìnrin náà dé, kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó padà bá mi sọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Pé nọ́ńbà kéré kò sọ pé ásímà kò sí, àgàgà lára ẹni tó ti ń lo oògùn. Bó bá ga lára ẹni tí kò tíì fa ínhélà rí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí sítẹ́rọ́ìdì ràn án lọ́wọ́. Bó bá ga lára ẹni tó ní òun ń fà á, ẹ ní kó fà á lójú yín kí ẹnikẹ́ni tó fi kún oògùn. Ẹlòmíì ò mọ̀ ọ́n fà, ẹlòmíì ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹ̀rù sítẹ́rọ́ìdì ń bà á; ẹ má bú u, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ ínhélà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tó fà á kẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Bí dókítà bá ní kò pọn dandan, ẹ ṣì kọ ọ́.