Ìyèré Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbọ́ òórùn pẹpẹsúùpù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bàsírì, ní Adó-Èkìtì, kí ó jọ̀wọ́ má ṣe bèèrè iye tí a ń ta àwo kan, nítorí fídíò ìsìnkú àgbà àti ti ìgbéyàwó ni mo ń ṣe, n kò ta oúnjẹ rí. Kọ̀ǹpútà mi ni ó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ti mọ kọ̀ǹpútà náà, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Kánádà tò fún mi, tí omi funfun ń yí po nínú àwọn rọ́bà rẹ̀ tí ojú ń rí inú wọn kí ó má baà gbóná jù. N kò ní í tún ìtàn bí ó ṣe dé Adó sọ, nítorí mo ti fi yangàn tó láàárín yín.

Omi inú rẹ̀ ni ó ń dínkù, ó sì ti pẹ́ tí ó yẹ kí a ti pààrọ̀ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga kò ṣe é lò, nítorí èròjà ilẹ̀ tí ó wà nínú wọn ni ó máa ń lẹ̀ pẹ̀kípẹ̀kí mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Omi bátìrì ni a gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n sè títí tí ó fi di oru kí wọ́n tó gba oru náà padà sí omi. Lẹ́yìn náà ni a óò wá yan ohun tí a óò fi là á: oògùn tí kò ní í jẹ́ kí ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ hù nínú rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú àwọn rọ́bà náà, àti èyí tí kò ní í jẹ́ kí irin bàbà tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn oge lè fi aró sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra èyí tí wọ́n ti pò tán ní òkè òkun. Nígbà tí mo rí iye tí wọn yóò gbà láti fi ọkọ̀ òfurufú gbé lítà omi kan wá sí ìpínlẹ̀ tí Ìkògòsì wà, mo bú sẹ́rìn-ín, mo pa fóònù, mo sì pinnu pé n óò pò ó fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Àbúrò màmá mi, ẹni tí ó fẹ́ ọkọ sí Ìkògòsì, ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé òun yóò bu omi wá fún mi láti ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, nítorí omi tí ó ti bá ooru gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kì í bẹ̀rù ooru kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí tí ó gbóná nínú méjèèjì ti ń gbóná láti orísun rẹ̀ wá, àti pé bí a bá dà á sí i bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò máa fẹ́ omi náà kí ó lè tutù. Ó ní ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù. Màmá mi ní kí n fi álọ́ọ̀mù sí i bí a ti ń fi í sí omi kànga, kí ó lè tòrò. Bàbá mi, tí ó ti ń fín oko kòkó láti ìgbà èwe rẹ̀, gbọ́ pé kọ́pà sọ́fèètì wà lára ohun tí àwọn kan ń kán sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì bu ẹ̀rún aláwọ̀ búlúù náà jáde fún mi láti inú àpò tí wọ́n fi ń bá àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú jà. Igbá kan ni wọ́n bù. Ìkán díẹ̀ ni iṣẹ́ mi gbà. Gbogbo bí mo ṣe sọ ọ́, wọn kò gbà. Wọ́n ní ahun ni mí, n kò sì rí ẹ̀rí kankan tí mo lè fi já wọn ní koro.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ń cháàjì bátìrì ní òdìkejì ọ̀nà ni mo ti ra omi. Irú ike kan náà ni ó ń rọ omi bátìrì àti ásíìdì sí, kò sì kọ ohunkóhun sí ara èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tí mo bèèrè bí ó ṣe ń dá wọn mọ̀, ó ro díẹ̀ sí orí sìmẹ́ǹtì: èyí tí ó bá hó, ásíìdì ni. Àyẹ̀wò yìí ti gbẹ́ kòtò káàkiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ti èmi kò hó.

Ó wá ku ohun tí yóò dáàbò bo irin bàbà, èyí ni ó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ràdíétọ̀, tí ń tún ràdíétọ̀ ọkọ̀ ṣe, ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Mo dúró níwájú wọn, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì ṣàlàyé pé ethylene glycol tí ó wà nínú omi aláwọ̀ ewé tí àwọn mẹkáníìkì ń tà, nítorí àwọn ìlú tí omi ti ń dì nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe ṣe é. Pé ọyẹ́ Èkìtì kò tíì mú débi pé omi yóò dì. Pé omi lásán gbé ooru jù ú lọ. Pé ó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n májèlé ni. Àmọ́ pé nítorí oògùn ìpẹtà tí wọ́n máa ń là mọ́ ọn, n óò ra díẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń wo wèrè tí ó wọ ẹ̀wù mímọ́. Bàbá ní àwọn kì í ta oògùn fún ẹ́ńjìnnì tí àwọn kò rí.

Wọ́n tẹ̀lé mi wá. Omi bátìrì nìkan ni mo ṣì rọ sí i nígbà náà. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà náà po, wọ́n fi ìka kan ojúkò rọ́bà kan, wọ́n sì fi omi tí ó wà ní ìka wọn hàn mí. Ó ń jò! Wọ́n rán mi pé kí n lọ bá àwọn ra nǹkan mímu tútù wá. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti dé ìdérí rẹ̀ padà, wọ́n sì ń gbọn ọwọ́.

“Ọmọ mi, ó ti parí. Kò sí ràdíétọ̀ tí ń jò díẹ̀díẹ̀ tí ìyèré lílọ̀ kì í dí.”

Ìyèré! Èyí tí a fi ń se ọbẹ̀ fún ìyálọ́mọ. Inú bébà kékeré kan ni ó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn. Ẹ̀rí ọkàn kò sì jẹ́ kí n fi èyí pamọ́: jíjò náà dá wáí.

Ṣùgbọ́n nínú irin bàbà tí ó jókòó lé ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-tìn-ín tí omi ń gbà kọjá kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí mo ti ń parí fídíò ìsìnkú kan, tí olórí ẹbí olóògbé sì jókòó tì mí láti gbà á, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè; bí ó ti ń súnmọ́ ìwọ̀n 100, kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Mo ṣí ìdérí. Òórùn ìyèré tí ó ti wà nínú omi gbígbóná láti àárọ̀ jáde, ó kún ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ ojú pópó. Olórí ẹbí, tí wọ́n ti ń bínú tẹ́lẹ̀, tú ojú ká, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè bóyá ẹran ewúrẹ́ ni tàbí ẹja. Kí n tó dáhùn, aládùúgbò mi tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ti yọ sí ẹnu ọ̀nà; ó mú ṣíbí lọ́wọ́.

Mo fi okadà kan gbé Bàbá Ràdíétọ̀ wá kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ṣe. A tú irin bàbà náà níṣojú wọn, ìyèré sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí òkè. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ èébú. Bàbá fi èékánná ha ìyèré náà kúrò: ní abẹ́ rẹ̀, ohun funfun kan ti dì bí ẹ̀kọ mọ́ gbogbo ojú ọ̀nà omi, ó nípọn, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ìyèré kì í di funfun.”

Omi olówó ńlá ti ẹ̀gbọ́n mi ni! Àwọn ègé kéékèèké tí ń léfòó nínú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di funfun, bí ó bá sì pẹ́, wọn a máa rọlẹ̀ sí ibi tí ó há jù lọ. Láti ìgbà ọyẹ́ ni kọ̀ǹpútà ti ń gbóná, tí mo sì ń dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi, tí mo ti sanwó àtúnṣe rẹ̀ fún aládùúgbò oníṣíbí yẹn. Mo pe Kánádà lórí fídíò, mo gbé irin náà sí iwájú fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó dáadáa, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí èyí tí ó bá iná inú rẹ̀ mu tó o nínú fọ́tò. Fọ́tò! Nítorí fọ́tò ni wọ́n ṣe fi ẹ̀kọ sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́ tán. Omi bátìrì ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìkán díẹ̀ nínú oògùn tí kò ní àwọ̀, èyí tí mo ra láti òkè òkun ní iye tí mo fi rẹ́rìn-ín níjọ́sí. Òórùn ìyèré kò tíì kúrò lára rọ́bà. Ní ti Bàbá Ràdíétọ̀, wọ́n gba owó iṣẹ́ pé, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ “KỌ̀ǸPÚTÀ” sí abẹ́ “RÀDÍÉTỌ̀” lórí pátákó wọn. Mo kọjá níbẹ̀ lánàá: ọmọ ilé-ìwé kan ti gbé láptọ́ọ̀pù wá, Bàbá sì ti dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ń gbà rọ omi sí i.