Ẹ Kúrò ní Dublin, Ẹ Lọ Sùn ní Ìlú Kékeré

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń gbé ní Áyálándì, Dublin nìkan la mọ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, ibẹ̀ la ti ń ra èlùbọ́. Bí àlejò bá ti London wá kí wa, a ó mú un rìn lẹ́bàá odò Liffey, a ó ya fọ́tò, a ó padà sílé lọ jẹun. Ohun tí mo kọ́ látìgbà tí mo ti ń gbé níbí ni pé ìlú kéékèèké ni adùn orílẹ̀-èdè yìí wà. Ṣùgbọ́n irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń sáré rí òun. Ẹni tó bá to ìlú mẹ́rin sínú ọjọ́ kan, ògiri àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló máa rí. Ẹ mú ìlú kan, ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹni tó ta búrẹ́dì fún yín lánàá tún rí yín lónìí. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń kíra wọn níbẹ̀. Lójú ọ̀nà oko, awakọ̀ tó bá pàdé yín á gbé ìka kan sókè lórí sítíárì. Ìkíni ni, ẹ dá a padà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tá a ní ẹ kú òjò, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Mo ti rí àwọn èèyàn wa tó fa ojú ro torí pé ẹnì kan bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti wá. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn máa ń korò nígbà míì. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré, bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn náà nìyẹn: county wo, ìjọ wo, ọmọ ta ni. Ẹ dá wọn lóhùn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n padà.

Ẹ máa gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ò retí. Ìyá àgbà kan ní Cobh, ìlú etí omi kan lẹ́bàá Cork, gbọ́ Nàìjíríà lẹ́nu mi, ó ní Sísítà ni àbúrò ìyá òun, pé ilẹ̀ wa ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó bi mí léèrè Òkè-Pádì ní Ìbàdàn bí ẹni tó ń béèrè àdúgbò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu púpọ̀, torí ìlú Cork ni àwọn Fadá SMA ti Áyálándì àti àwọn Sísítà OLA, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Kátólíìkì méjì, fi ṣe ibùjókòó, àwọn tó dá ilé ìwé àti ilé ìwòsàn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Fadá SMA kan náà ló dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, níbi tí Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní àwọn ìlú yìí ló ṣì ní fọ́tò irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Tó bá jẹ́ ìlú kan ṣoṣo lẹ ráyè fún, Cobh ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. “Kóòfù” ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ rélùwéè láti Cork, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé torí omi ló máa sìn yín débẹ̀. Àwọn ilé aláràbarà tò gun òkè, kàtídírà St Colman sì ga ju gbogbo wọn lọ, pẹ̀lú aago 49 tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù máa ń fi kọrin. Ẹ gun òkè náà, ẹ wo ilẹ̀ láti ibẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, torí ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pẹ́.

Láàárín 1848 sí 1950, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ èèyàn ló gba èbúté yìí kúrò nílé. Queenstown ni orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ibẹ̀ ni Titanic dúró sí gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1912, èèyàn 123 ló sì wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ère Annie Moore wà létí omi pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ellis Island ní New York, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ibẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1892. Ọmọdébìnrin ni. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ Amẹ́ríkà, àwọn ará ilé máa ń ṣe àìsùn mọ́jú, torin tijó tẹkún, bí wọ́n ṣe ń ṣe àìsùn òkú gan-an, torí wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe káwọn má fojú kàn án mọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti sìn dé Murtala Muhammed, tó bojú wẹ̀yìn tó rí i tó ń fi ìborùn nujú, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ère yẹn fún un. Mo máa ń mú àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn tó gbà wá lálejò náà ti ṣe àlejò nílẹ̀ onílẹ̀, ebi ló sì lé ọ̀pọ̀ wọn jáde.

Ní 1845 ni àrùn kọ lu pòtétò, èyí tá à ń pè ní Irish nílé. Nígbà tó fi máa di 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ti kú, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì ti sá lọ. Tẹ́ ẹ bá dé Skibbereen ní county Cork, ẹ lọ sí ibi ìsìnkú Abbeystrewry, níbi tí wọ́n da ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú pọ̀ sí láìní pósí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ẹlẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Westport ní county Mayo ni mo fẹ́ràn ṣìkejì. Rélùwéè ń lọ tààrà láti Dublin. Òdòdó wà lójú fèrèsé gbogbo, torí láti 1958 ni ìdíje Tidy Towns ti ń lọ lórílẹ̀-èdè yìí, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló sì ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń gbin òdòdó. Tẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò tó ń ṣa pàǹtí láàárọ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ káwa aláwọ̀ dúdú mọ Westport ni ilé ńlá tó wà létí ìlú, Westport House. Ìdílé Browne tó ni ín láyé àtijọ́ jogún oko ní Jàmáíkà, oko tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Howe Peter Browne, di gómìnà Jàmáíkà ní 1834, ọdún tí òfin ìtúsílẹ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbè sẹ́yìn àwọn tó ń gba òmìnira débi pé àwọn olóko kórìíra rẹ̀. Ìlú Sligoville níbẹ̀, oyè rẹ̀, Marquess of Sligo, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ wádìí bóyá ilé náà ṣí kẹ́ ẹ tó lọ. Ọgbà rẹ̀ nìkan tó rìn. Ohun méjèèjì, oko ẹrú àti ìjà fún òmìnira, ni kẹ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn níbẹ̀.

Òkè Croagh Patrick kò jìnnà síbẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 764. Ìtàn sọ pé Patrick mímọ́ gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí rẹ̀. Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù keje ni èrò máa ń gùn ún jù, àwọn mìíràn kì í wọ bàtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òkè àdúrà, òkè yín rèé, ṣùgbọ́n ẹ má wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta tó ń yọ̀ ni apá òkè pátápátá, ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ sì mú omi. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ní Murrisk, ère ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n fi idẹ ṣe, àwòrán egungun èèyàn ló sì dípò okùn rẹ̀, ìrántí àwọn tí ìyàn 1845 sí 1852 yẹn pa. Ẹ dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba òkè lè yá kẹ̀kẹ́ nílùú, kó gùn ún lọ sọ́nà erékùṣù Achill lójú ọ̀nà tí rélùwéè ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó lé ní kìlómítà 40, ẹ lè dúró níbi tó bá wù yín.

Lálẹ́, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń lu ohun èlò ìbílẹ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í wọ pub nítorí ọtí. Ẹ ra tíì, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ohunkóhun. Ẹ lè mú ọmọ dání, ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n ti jáde bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tàbí aago mẹ́wàá láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Àwọn olórin kì í dúró lórí pèpéle. Wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká, góòjé, fèrè àti ìlù pẹlẹbẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jókòó sáàárín wọn, ẹ má sì sọ̀rọ̀ sókè bí ẹnì kan bá dánìkan kọrin. Èmi tí mo dàgbà sídìí ìlù, ohun tó wú mi lórí ni pé ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn yòókù á tẹ́tí sí i díẹ̀, wọ́n á sì bá a wọ̀ ọ́ láìsọ̀rọ̀.

Bí Àìkú bá bá yín nílùú, ẹ béèrè bóyá eré hurling wà. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá pẹlẹbẹ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù kékeré tó ń fò lókè orí. Tó bá wọ àwọ̀n, àmì mẹ́ta. Tó bá gba òkè ọ̀pá ojú góòlù kọjá, àmì kan. Wọn kì í san owó fún ìkankan nínú wọn. Ẹni tó gbá a lónìí lè jẹ́ tíṣà ọmọ yín lọ́la. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Thurles, ìlú kékeré míì, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó ń darí eré yìí sílẹ̀ ní 1884.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe àbẹ̀wò ìgbafẹ́ sí Portlaoise, ṣùgbọ́n ẹ yà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ sí Cork. Ibẹ̀ ni Rotimi Adebari, ọmọ Nàìjíríà tó dé ní 2000 láti wá ààbò, ti di olórí ìlú ní 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Áyálándì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn: búrẹ́dì dúdú pẹ̀lú bọ́tà, ọbẹ̀ ẹja olómi wàrà tí wọ́n ń pè ní chowder. Ẹ tètè jẹun alẹ́, ilé ìdáná kì í pẹ́ tì. Ẹ mú ata dání.

Jákẹ́ẹ̀tì onífìlà ni kẹ́ ẹ mú lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ á ṣẹ́ agboòrùn. Bọ́ọ̀sì kì í pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, torí náà ẹ wo àkókò rẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá wakọ̀, ọwọ́ òsì ni, àwọn ọ̀nà abẹ́lé sì tóóró púpọ̀.

Ẹ̀yin ará London, físà tàbí ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò tó láti wọ Áyálándì bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò. Pé kò sí aṣọ́bodè tó ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró láàárín Belfast àti Dublin kò yí òfin náà padà. Ẹ gba físà Áyálándì kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ owó sí yúrò.