Mo lọ wo kẹ́ẹ̀gì ní Ṣàgámù, mo bá Ìyá Alágààrí jókòó l'Órù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tó mọ̀ mí mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, nǹkan ni mo máa ń rà fún àwọn ogúnléndé. Èmi kọ́ ni mò ń fún wọn lábẹ́rẹ́, èmi kọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ wọn níwèé, èmi ni mò ń wá ẹni tó máa ta bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, ẹní, ẹ̀wà, epo, gààrí fún wa, màá nájà, màá kọ LPO, ìyẹn ìwé tá a fi ń pàṣẹ ọjà, màá sì tẹ̀ lé ẹrù náà títí tó fi máa wọ sítọ̀. Sítọ̀ wa wà ní Ogoja, ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi táwọn ará Kamẹrúùn tí wàhálà lé kúrò nílé ti ń wọlé sí wa láti ìparí ọdún 2017.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti wọkọ̀ ní Berger, ó di Ṣàgámù. Ilé iṣẹ́ oníke kan ló gba ọ́dà kẹ́ẹ̀gì 3,000 lọ́wọ́ wa, onílítà 10, mo sì ti sọ pé kò sí èyí tó máa wọ tírélà láìjẹ́ pé mo fojú ara mi rí i.

Ẹnìkan bi mí nígbà kan pé kí ló dé tá ò ra onílítà 20 tó wà nílé gbogbo èèyàn. Ẹ gbé onílítà 20 tó kún fómi wò, kìlógíráàmù 20 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá ló sábà máa ń lọ pọnmi níbùdó, tàbí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìlànà Sphere tí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé sọ pé ó kéré tán, èèyàn kan gbọ́dọ̀ rí omi lítà 15 lò lójúmọ́, fún mímu, fún sísè, fún fífọ ara. Ẹbí tó jẹ́ èèyàn márùn-ún, lítà 75 nìyẹn, tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa lọ síbi ẹ̀rọ omi kó tó pé. Tí ìdérí kẹ́ẹ̀gì ọ̀hún bá wá ń jò ńkọ́? Wọ́n á tún padà lọ, láti orí ìlà tó gùn. Ìdí tí mo fi máa ń le nìyẹn.

Wọ́n ti to 20 sílẹ̀ dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dán gbinrin. Mi ò wò ó. Mo wọnú ibi tí wọ́n kó o jọ sí, mo fa 30 yọ, ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀ pátápátá, mo ní kí wọ́n pọnmi kún gbogbo ẹ̀, kí wọ́n dé e, ká dorí ẹ̀ kodò sórí páálí gbígbẹ fún wákàtí kan. Nígbà tá a máa gbé wọn kúrò, páálí ti tutù lábẹ́ 7. Nínú 30 o! Máníjà ní, "Màdáàmù, ìdérí lásán nìyẹn, ẹ jẹ́ kí tírélà máa lọ, a máa fi ìdérí míì ránṣẹ́ tẹ̀ lé e." Mo ní ẹ má bínú sà, mi ò ní fọwọ́ sí i. Láti Ṣàgámù dé Ogoja, ẹ máa gba Benin, ẹ máa sọdá Onitsha, ẹ máa gba Enugu, Abakaliki, ta ló máa gbé ìdérí lásán dé ibẹ̀, ta ló sì máa jókòó pààrọ̀ ìdérí 3,000? Ó bínú díẹ̀, àmọ́ nígbà tó pe ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ, wọ́n rí i pé rọ́bà inú ìdérí ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Wọ́n ní kí n padà wá ní Tọ́sìdeè.

Nǹkan kan tún wà nípa kẹ́ẹ̀gì tó máa ń dùn mí. Báàkẹ́ẹ̀tì máa ń wọnú ara wọn, kẹ́ẹ̀gì kì í wọnú ara wọn, tírélà tó lè gbé tọ́ọ̀nù 30 á kún dẹ́nu, afẹ́fẹ́ ló gbé, owó ọkọ̀ á sì pé. Ìdí nìyẹn tí UNHCR, àjọ UN tó ń bójú tó àwọn ogúnléndé, fi máa ń lo èyí tó ń ká pọ̀ bí àpò, àmọ́ òkè òkun ni èyí tá a rí rà nínú ẹ̀ ti ń wá, àwọn èèyàn wa ò sì lè dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Bí mo ṣe ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ní dípò kí n padà s'Éko lọ jókòó sínú gosló, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé ìyá mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Benin, kò pẹ́ rárá tá a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé àbúrò ìyá mi ni mo sùn, wọ́n se ìkọ́kọ́rẹ́ fún mi, wọ́n fi ẹja yíyan àti edé sí i, wọ́n tẹ ẹ̀bà tì í, mo jẹun bí ẹni tó ti àjò jíjìn dé. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi sọ pé, "Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tó ò ń ṣe yìí, wọ́n ti ṣe é l'Órù rí? Lọ bá Ìyá Alágààrí, wọ́n ṣì wà láyé."

Mo mọ̀ nípa ibùdó Òrù, ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú wa tó dàgbà lápá ibẹ̀? Oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni ogun bẹ́ ní Làìbéríà, nígbà tó di 1990 ìjọba Nàìjíríà ti ṣí ibùdó fún wọn l'Órù níbí, nígbà tí ogun bẹ́ ní Sàró (Sierra Leone) náà ní 1991 àwọn tiwọn náà dé. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó ti ibùdó ọ̀hún pa ní 2007, ọ̀pọ̀ ò sì lọ torí pé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò mọ ibòmíì nílé. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ nípa Òrù, mi ò ronú rí láti béèrè pé gààrí tí wọ́n jẹ níbẹ̀, ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè mo wọ kábù lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn, mo sọ̀ l'Órù, ọlọ́kadà gbé mi dé ilé Ìyá Alágààrí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, wọ́n gbà mí mọ́ra, wọ́n ní ọmọ ta ni, mo sọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki orúkọ ìyá mi. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ń ra gààrí fáwọn tógun lé."

Wọ́n ní kọ̀ntírátọ̀ kan ló wá bá àwọn nígbà yẹn, ó ní báàgì 40 lòun fẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì fún ibùdó. Kò sí LPO kankan, inú ìwé ọmọ ilé-ìwé ló kọ ọ́ sí. Báàgì 40 kì í ṣe kékeré fún obìnrin kan o, wọ́n máa ra ẹ̀gẹ́ lóko, wọ́n máa sanwó fún àwọn tó ń bẹ ẹ́, wọ́n máa gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, wọ́n máa fún un sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa torí gààrí Ìjẹ̀bú tí ò bá kan kì í ṣe gààrí Ìjẹ̀bú, wọ́n máa kù ú, wọ́n máa yan án, igi ìdáná náà ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ owó ni, gbogbo ẹ̀ sì ni wọ́n máa san kí gààrí tó wọ báàgì. Wọ́n kó àjọ, wọ́n yáwó kún un.

Ti àkọ́kọ́, kọ̀ntírátọ̀ sanwó lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ó san ìdajì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó ní ìwé ò tíì jáde. Oṣù kan, ìwé ò jáde. Oṣù méjì. Àwọn tó bẹ ẹ̀gẹ́ ń wá sẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, olóko ń bọ̀, àwọn alájọ ń bọ̀. Ìyá ta aṣọ sányán tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Ó pé oṣù mẹ́rin gbáko kí owó ọ̀hún tó dé, nígbà tó sì máa dé, iye tó ń ra ẹ̀gẹ́ ọkọ̀ kan tẹ́lẹ̀ ò ra ìdajì ẹ̀ mọ́.

"Mi ò ta fún un mọ́," ni wọ́n wí. Àwọn míì tà. Àwọn míì ọ̀hún ti wá mọ̀ pé yóò pẹ́ kó tó san, torí náà wọn ò yan gààrí tiwọn gbẹ mọ́, gààrí tó tutù ń wúwo lórí òṣùwọ̀n, igi ìdáná ò sì ní pọ̀. Mo kàn ń wo Ìyá lẹ́nu ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá gààrí tó tutù jà ní Ogoja, báàgì tí wọ́n bá ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àárín ẹ̀ á ti bu, mo ra mítà tó ń wọn ọ̀rinrin, ìlànà àgbáyé ní kó má ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, mo ra irin oníhò tí a fi ń gún àpò dé àárín torí pé òkè báàgì nìkan ló máa ń gbẹ, mo ní kí wọ́n fi pákó sábẹ́ ẹ̀ kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé àwọn tó ń tà á ni ò ṣe dáadáa. Mi ò wo ọjọ́ tí a fi ń sanwó rí.

Ìyá tún sọ nǹkan kan tí mi ò ní gbàgbé. Wọ́n ní àwọn obìnrin Làìbéríà máa ń wá bá àwọn níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á bá wọn bẹ, àmọ́ kì í ṣe owó ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ewé tí àwa ń dà nù fún ewúrẹ́! Wọ́n á gún un, wọ́n á sè é pẹ́, wọ́n á fi epo pupa sí i, wọ́n á fi jẹ ìrẹsì, ọbẹ̀ ilé wọn nìyẹn, àwọn ará Sàró náà ń jẹ ẹ́. Ìyá ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọ̀kan nínú wọn ní ẹrù ewé kan, obìnrin náà sunkún. Mo ronú sí tábìlì ìpín oúnjẹ tá a máa ń lò, ọkà gíráàmù 400 fún ẹnìkan lójúmọ́, ẹ̀wà 60, òróró 25, iyọ̀ 5, àti àwọn díẹ̀ míì tó máa mú un pé 2,100 kálórì. Ìṣirò tó dáa ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là, mi ò bú u. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n ti kọ ewé sí nínú ẹ̀, a kì í sì í bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè: "Ẹ̀yin ńkọ́, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń sanwó?"

Mo ní Mà, ìwé wa sọ pé ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ẹrù bá dé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé LPO, ìwé tí sítọ̀kípà fi gba ẹrù, àti ìnfóísì gbọ́dọ̀ bára wọn mu, tí ọ̀kan bá sọ báàgì 120 tí èkejì sọ 119 gbogbo ẹ̀ á dúró, ọ́díìtì ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ káwọn èèyàn má bàa jí owó ogúnléndé. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ń bọ́ àwọn obìnrin yẹn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ọ̀hún?"

Mi ò ní èsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí a ṣe ṣètò ìrajà wa, àwọn tó lówó dúró ló bá a mu. A máa ń ní kí wọ́n mú kọ̀tẹ́ṣọ̀n mẹ́ta wá, ìyẹn ìwé iye tí ẹni mẹ́ta máa tà á, ó dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ bá ìyá mẹ́ta lọ́jà, iye kan náà ni wọ́n máa pè fún yín torí pé ẹgbẹ́ alágààrí ló jókòó fẹnu kò sí i, ọ́díìtì á ní wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n á sọ wọ́n nù. A tún máa ń kó tọ́ọ̀nù 60 pọ̀ sínú tẹ́ńdà kan, obìnrin wo ló ní tọ́ọ̀nù 60? Kọ̀ntírátọ̀ ló máa gbà á, ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn náà ló sì máa lọ rà á, yóò já owó wọn, yóò sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Tọ́ọ̀nù márùn-ún márùn-ún la lè pín in sí. A lè fún wọn lóhun tí wọ́n máa fi ra ẹ̀gẹ́ ṣáájú. A lè wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀, ká fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, ká san ìyókù lójú ẹsẹ̀ sínú àkáǹtì wọn, kí ìwé sì pé síbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, màá gbé e lọ sí mítìn wa.

Nígbà tí mo ń lọ, Ìyá bu gààrí sínú láílọ̀ọ̀nù fún mi, wọ́n kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ igbá, wọ́n bù ú, wọ́n fi eyín fọ́ hóró kan, ó dún.

Tọ́sìdeè mo padà sí Ṣàgámù. Mo tún fa 30 yọ, a pọnmi sí i, a dorí ẹ̀ kodò, páálí gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kó o sọ́kọ̀, mo ń kà á bí wọ́n ṣe ń kó o, mo fọwọ́ sí wébìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fún dírẹ́bà ní tiẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì Èkó ni mo wà tí mo fi pe akáńtáǹtì wa. Mo ní kó bá mi wo fáìlì àwọn ìyá mẹ́ta tó ta gààrí fún wa ní Ogoja. Ó wò ó, ó ní ọjọ́ 44 ti kọjá, ìbuwọ́lùwé kan ló kù. Mo ní ti ta ni? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní tèmi ni. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi nísinsìnyí, mo sì fọwọ́ sí i ká tó dé Mowe.