Ìjàǹbá kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ sá fún

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, èmi àti ìyàwó mi ń ti Iléṣà bọ̀ wá sí Adó-Èkìtì lẹ́yìn òkú ìyá rẹ̀ àgbà tí a lọ sin. A ti yà kúrò ní títì márosẹ̀ ní Ìta-Awúrẹ̀, a sì ti ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé títì náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn òkè, àti pé bí òjò bá ti dá, kùrukùru a máa bolẹ̀ débi pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú kì í hàn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni. Ọlọ́kadà kan tó gbé ọmọbìnrin kan sẹ́yìn ṣàdédé yọ láti ọ̀nà oko. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi yọ̀ lórí omi, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọ̀kadà náà, ó sì lọ ki orí bọ gọ́tà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì wà lórí títì.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dára.

Mo fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì kọjú sí ọlọ́kadà tó ti dìde pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Òun náà kò gbẹ́nu dákẹ́. Àárín títì gan-an ni àwa méjèèjì dúró sí nínú kùrukùru, tí a ń jiyàn ẹni tó jẹ̀bi. Baba àgbẹ̀ kan tó ti oko jáde ló pariwo mọ́ wa pé, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tún wá kó yín ni?” Baba kò tíì pa ẹnu dé tí tírélà kan fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tó fọn fèrè, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ fi ṣí fìlà lórí mi. Ìjàǹbá àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ ná, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni apá wa ká, òun ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi fà.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí gbogbo ẹni tó bá lè rìn sì kúrò lórí títì pátápátá. Bí ẹ bá gbóòórùn epo, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Baba yẹn ṣá ẹ̀ka igi, ó sì tò ó sórí títì lókè àti nísàlẹ̀, ṣáájú kọ́nà, kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lè ti rí i kó tó yí ká. Òótọ́ ni pé mo ní C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta tí òfin ní kí gbogbo awakọ̀ ní, ṣùgbọ́n inú búùtù ni ó wà, lábẹ́ iṣu tí àwọn àna mi dì fún wa. Ẹ fi tiyín sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá pe àwọn tó lè ranni lọ́wọ́. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122, ọ̀fẹ́ sì ni. 112 náà wà fún pàjáwìrì. Ẹ má kàn sọ pé “ẹ gbà wá” kí ẹ sì gé fóònù. Ẹ sọ orúkọ abúlé tó súnmọ́ jù, ọ̀nà tí ẹ dojú kọ, iye ẹni tó farapa, àti bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀. Èmi kò tilẹ̀ mọ orúkọ ibi tí mo wà. Ẹnu Baba ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ni ọ̀ràn rẹ̀ le jù. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ pé ọrùn ń dun òun. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ẹnì kan ń fà á lápá pé kó dìde jókòó, ẹnì kejì ti mú omi inú ọ̀rá dání kó lè fi sí i lẹ́nu. Inú rere ni gbogbo rẹ̀, inú rere bẹ́ẹ̀ sì lè sọ èèyàn di arọ. Agbẹ̀bí ni ìyàwó mi. Òun ló dá wọn dúró. Ó ní kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú gírí kó má baà mì, nítorí pé bí egungun ọrùn bá ti ṣẹ́, fífà kan ṣoṣo lè ba iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Àyàfi bí iná bá fẹ́ jó o tàbí bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbá a ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lọ síbi òkú ló ká, tó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rin ín, kò ṣí i wò, ńṣe ló fi òmíràn lé e lórí. Ó kọ omi náà, nítorí pé omi lè pá ẹni tó lè dákú nígbàkígbà lórí, dókítà sì lè fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí a kọ́kọ́ gbé e dé, owó àsansílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Owó ìtanràn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ o, owó yóò wá bó bá yá. Nígbà tí ìyàwó mi mẹ́nu ba òfin náà pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé ọmọ náà wọlé.

Ní ti ọkọ̀, kí wọ́n tó fà á kúrò ni kí ẹ ti ya fọ́tò ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí, ojú táyà lórí títì, àti nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó rí i. Èmi kò ya ẹyọ kan. Èyí tó tún burú ni pé mo ti ṣèlérí lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni n ó san gbogbo rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mo ní ínṣọ́ránsì. Láti oṣù Kìíní ọdún yẹn ni owó ínṣọ́ránsì tó kéré jù fún ọkọ̀ ara ẹni ti di 15,000 náírà, tó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́. Ìwé tí mo máa ń fi han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ni mo kà á sí. Ẹ tètè pe ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín, ẹ gba ìwé ìjábọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sì ṣe dá ara yín lẹ́bi tàbí buwọ́ lu ìwé kankan létí títì.

Ara mi le lọ́jọ́ náà. Ní òru ọjọ́ kẹta ni n kò lè yí ọrùn mọ́, tí ìyàwó mi fi fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní iṣan ló fà, ó sì ní bí orí fífọ́ bá ń pọ̀ sí i, bí mo bá ń bì, bí oorun bá ń kùn mí ju bó ṣe yẹ lọ tàbí bí inú bá ń dùn mí, kí n padà wá kíákíá. Mo pe ọlọ́kadà láti bèèrè àlàáfíà ọmọbìnrin náà. Ó ní ó ti ń rìn. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní: egungun ìhà rẹ̀ méjì ló ti sán láti ọjọ́ tó ń fi gbogbo ohùn bú mi láàárín títì, òrí ló sì ti ń fi pa á.